Àwòṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì N1 oníbébà, ìwọ̀n 1:144: ìdí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tò

Bí ẹ bá ra páálí àwòṣe N1, rọ́kẹ́ẹ̀tì òṣùpá ti Sófíẹ́ẹ̀tì àtijọ́ (Rọ́ṣíà àti àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀), tí àwọn onítẹ̀wé kan ń tà ní Agbowó, òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní bí ìlànà inú rẹ̀ ṣe ní kí ẹ ṣe. Ẹ ṣí i tààrà sí ojú ìwé 9. Ibẹ̀ ni ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà, páálí róbótó tí ẹ́ńjìnnì 30 máa jókòó sí. Ìdí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kí ẹ sì fi wọn ara rẹ̀ wò láìfi gọ́ọ̀mù kàn án. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìlànà á to ara rọ́kẹ́ẹ̀tì tán pátápátá, ọjọ́ tó bá fẹ́ fi ìdí sí i ló máa tó mọ̀ pé ìdí ò wọlé. Bébà tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí lára ò ṣeé tú, yíya ló máa ya.

Ọjà náà kò burú o. Ó yẹ ní rírà, pàápàá fún ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ibi tó ti gba àtúnṣe, ìlànà inú rẹ̀ kò sì mẹ́nu kan ọ̀kankan.

Ojú ìwé A4 mẹ́rìndínlógún ló wà nínú páálí náà, bébà líle oní 200 gíráàmù. Ojú ìwé 1 sí 8 ni ara, 9 ni ìdí, 10 sí 12 ni ẹ́ńjìnnì, 13 ni àwọn irin tó so ìpele (àwọn apá rọ́kẹ́ẹ̀tì tó tò léra wọn) pọ̀, 14 ni ìyẹ́, 15 ni orí, 16 ni ìjókòó tó máa dúró lé. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀, kò sí igi. Bí ẹ bá tò ó tán, á ga tó sẹ̀ǹtímítà 73, ìdí rẹ̀ á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11.8. Wọ́n ṣírò rẹ̀ dáadáa: N1 gidi ga tó mítà 105, ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 17. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mítà 105 ṣe rí, kó lọ dúró ní Dùgbẹ̀ kó gbójú sókè wo Cocoa House. Bákan náà ni wọ́n ga. Ẹ wá fojú inú wò ó pé wọ́n rọ kẹrosíìnì àti ọ́síjìn olómi kún Cocoa House títí dé òkè, wọ́n wá ní kó gbéra ní Dùgbẹ̀ kó máa lọ. N1 tí wọ́n bá rọ epo kún lé ní tọ́ọ̀nù 2,700, ìyẹn tírélà sìmẹ́ńtì onítọ́ọ̀nù 30 bí àádọ́rùn-ún.

Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ló kọ́ N1, kí ọmọ wọn lè tẹ òṣùpá kí Amẹ́ríkà tó tẹ̀ ẹ́. Sergei Korolev, ẹni tó fi Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, ránṣẹ́ ní 1957 tó sì gbé Yuri Gagarin lọ sókè ní 1961, ni olórí iṣẹ́ náà. Oṣù Kẹjọ ọdún 1964 ni ìjọba tó fọwọ́ sí ìrìn-àjò òṣùpá. Amẹ́ríkà ti wà lẹ́nu tiwọn láti 1961. Korolev kú ní oṣù Kìíní ọdún 1966, Vasily Mishin sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbé N1 fò láàárín 1969 sí 1972. Kò sí èèyàn nínú rẹ̀ nígbà kankan, kò sì sí ìgbà kan tí ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ parí iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe dáa jù nínú páálí yìí. N1 kò rí gbọọrọ bíi Saturn V, rọ́kẹ́ẹ̀tì òṣùpá ti Amẹ́ríkà. Ó rí bí àrọ tí wọ́n da ẹnu rẹ̀ délẹ̀, ìsàlẹ̀ fẹ̀, òkè tín-ín-rín. Ohun tó fà á ni pé rogodo ni àwọn táǹkì inú rẹ̀. Nínú ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́, táǹkì kẹrosíìnì wà lókè, táǹkì ọ́síjìn tó tóbi jù ú lọ wà nísàlẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń lọ sókè ni wọ́n ń kéré sí i. Táǹkì rogodo kì í tètè bẹ́, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì tó láti fi ṣe é. Àmọ́ táǹkì yẹn kọ́ ni ara rọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún ní láti kọ́ ara mìíràn yí i ká, bí ìgbà tí èèyàn kó agbè sínú agbọ̀n. Agbè wúwo, agbọ̀n náà wúwo. Ìwúwo yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí N1 máa gbé tọ́ọ̀nù 95 péré dé òfúrufú tó yí ayé po, nígbà tí Saturn V ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára tí N1 fi ń gbéra nílẹ̀ pọ̀ ju ti Saturn V lọ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ká ara yìí, ẹ má kàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á ṣẹ́ sí ojú kan, ṣíṣẹ́ yẹn ò sì ní kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé bébà náà lé ọmọ odó tó dán, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lọ yí i bọ̀ títí á fi gba ìrísí. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò sí etí rẹ̀, kó fẹ́lẹ́, kí ẹ sì dì í mú fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ yẹra fún gọ́ọ̀mù sítáàṣì. Ó ń lẹ̀ dáadáa o, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni lójú aáyán, wọ́n á sì jẹ ojú lílẹ̀ náà mọ́ ọn lára kí ọdún tó yí po.

Tàdáwà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tún ní wàhálà tirẹ̀: omi inú gọ́ọ̀mù ń mú un ṣàn. Ẹ fọ́n fánìṣì aláìláwọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó gbẹ láàárín. Lásìkò òjò, bí oṣù Kẹfà sí Ìkeje, bébà yìí máa ń fa ọ̀rinrin, á wú díẹ̀, ohun tó bára mu láàárọ̀ ò ní bára mu ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kó o sínú nylon, ẹ máa mú ojú ìwé tí ẹ fẹ́ lò nìkan jáde.

Ó di ọ̀rọ̀ ìdí. Páálí róbótó ojú ìwé 9 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11.8 gẹ́lẹ́, bí ara ìta rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣe fẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé, nítorí inú ara ló yẹ kí ìdí wọ̀ sí, bébà ara sì ní ìpọ́n tirẹ̀, pẹ̀lú etí tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ tó jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹni tó yà á kò yọ ìpọ́n bébà kúrò nínú ìṣirò. Ẹ fi sáńpépà fẹ́lẹ́ ha etí rẹ̀ yíká títí mìlímítà kan á fi dín nínú fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa tì í bọ ara, ẹ máa yọ ọ́, ẹ tún ha díẹ̀. Bó bá wọlé láìfi agbára tì í, ó ti tó. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ òkòtó bébà kékeré, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ọgbọ̀n ni fún ìpele ìsàlẹ̀, mẹ́jọ fún ìpele kejì, wọn ò sì fi ẹyọ kan ṣàfikún. Ẹ ṣe ẹ̀dà ojú ìwé 10 kí ẹ tó fi bíléèdì kàn án, nítorí ó kéré tán méjì tàbí mẹ́ta máa bàjẹ́. Ẹ fi ẹnu bíró ká òkòtó náà, ẹ fi igi ìtayín kan gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí etí rẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀, òkòtó á rọ̀, á wó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn lára á ṣe ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí náà ẹ fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ tó lẹ òkòtó kankan, ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ojú ibi tí wọ́n máa jókòó sí: 1 sí 24 fún àwọn tó yí ẹ̀bá ká, 25 sí 30 fún mẹ́fà àárín. Ẹ lẹ mẹ́fà àárín ná, torí ọwọ́ ò ní ráyè débẹ̀ mọ́ tó bá yá. Ẹ wá lẹ 1, 7, 13 àti 19, kí igun mẹ́rin dúró, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi ìyókù dí àárín wọn. Ẹni tó bá kàn ń tò ó láti 1 lọ títí, ìtẹ̀sí díẹ̀díẹ̀ á máa jọ pọ̀, tó bá dé 22 tàbí 23, àyè ò ní tó mọ́.

Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun gan-an ló sọ àwòṣe yìí di ohun tí olùkọ́ lè fi kọ́ni, ó sì dun ni pé àwọn tó ṣe páálí náà ò tẹ̀ ẹ́ sí i. N1 ní ẹ̀rọ aláṣọ́nà kan tó ń jẹ́ KORD, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ọgbọ̀n ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, KORD á pa á, á sì pa èyí tó kọjú sí i lódìkejì, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì má bàa fì sápá kan. Ẹ wo ìdí tí ẹ tò: 12 àti 24 kọjú síra. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1969, ìgbà àkọ́kọ́ tí N1 fò, KORD gba ìròyìn èké nípa 12, ó pa á, ó pa 24 mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù ṣì lè gbé e lọ. Àmọ́ gbígbọ̀n ìdí náà já páìpù, epo tú dà sínú, iná sọ. Nígbà tó pé bí ìṣẹ́jú-àáyá 68, KORD pa gbogbo ẹ̀ pátá, rọ́kẹ́ẹ̀tì wálẹ̀.

Èyí tí páálí yìí ń ṣe àwòṣe rẹ̀ ni 5L, ìkejì, tó gbéra ní òru ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1969. Ẹ wá nọ́ńbà 8. Pọ́ọ̀ǹpù ọ́síjìn rẹ̀ ló bẹ́, bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀ báyìí. Wáyà já, iná ràn, KORD sì pa àwọn ẹ́ńjìnnì yòókù, ó wá ku 18 nìkan. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòṣe yín kí 18 nìkan máa yọjú, ẹ̀yin náà á rí i: ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, ní ẹ̀gbẹ́ kan, ń ti ohun tó ga tó Cocoa House. Ó fì, ó dùbúlẹ̀ lófúrufú, ó sì padà já lu pèpéle tó ti gbéra pẹ̀lú epo inú rẹ̀. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó tún pèpéle yẹn ṣe. Ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn tí 5L já, Apollo 11, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó gbé èèyàn lọ tẹ òṣùpá, gbéra.

Ìgbà kẹta, ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1971, gbogbo ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì ń yí bí òkòtó ọmọdé, agbára tí wọ́n fi ń dá a dúró kò sì ká a. Ó fọ́ sófúrufú láìpé ìṣẹ́jú kan. Ìgbà kẹrin ló dunni jù. Ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1972, ó ń lọ geerege. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú-àáyá 90, wọ́n pa mẹ́fà àárín, 25 sí 30, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Ẹni tó bá ti dá ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn gidi dúró lójijì rí ti gbọ́ bí páìpù ṣe ń dún gbì. Irú gbì yẹn wà lára ohun tí àwọn kan ka jàǹbá náà sí. Àwọn mìíràn ní ẹ́ńjìnnì 4 fúnra rẹ̀ ló bẹ́. Bó ti wù kó rí, ní ìṣẹ́jú-àáyá 107, ìdí náà fọ́ túútúú. Ìṣẹ́jú-àáyá bíi méje ló kù kí ìpele ìsàlẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀.

Èèyàn á béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi kó ọgbọ̀n ẹ́ńjìnnì jọ. Ìjà ló fà á. Valentin Glushko, tó mọ ẹ́ńjìnnì ńlá ṣe jù lọ ní Sófíẹ́ẹ̀tì, fẹ́ lo epo olóró méjì tó ń gbiná fúnra wọn bí wọ́n bá ti pàdé. Korolev ní òun ò ní gbé èèyàn lé irú oró bẹ́ẹ̀, kẹrosíìnì àti ọ́síjìn lòun fẹ́. Wọn ò gbọ́ ara wọn yé. Korolev gba ọ̀dọ̀ Nikolai Kuznetsov lọ ní Kuibyshev, ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, NK-15, dára, kò sì jẹ epo nù, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù 154 péré ni ọ̀kan lè tì sókè. Ìyẹn ló di ọgbọ̀n.

Wọ́n ò sì lè dán an wò tán. Ẹ̀tù ló ń ṣí àwọn fáàfù inú NK-15. Bí wọ́n bá ti ṣí, wọn kì í padé mọ́, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti tan wò kò ṣeé gbé fò. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé nínú mẹ́fà, wọ́n á mú méjì tàn wò, bí méjì bá yege, wọ́n á gba mẹ́rin tó kù wọlé. Bí ẹni tó ra ẹyin mẹ́fà, tó fọ́ méjì sínú abọ́, tó wá búra fún mẹ́rin. Pèpéle tí wọn ì bá ti so ìpele ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n tan ọgbọ̀n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò kọ́ ọ rárá, owó àti àsìkò ò jẹ́. Amẹ́ríkà ń so ìpele ìsàlẹ̀ Saturn V mọ́lẹ̀ ní Mississippi, wọ́n ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ márààrún pọ̀ kó tó fò. Kò sí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ní Ìwó Road tó máa dá ẹ́ńjìnnì padà sínú mọ́tò kó wá sọ fún oníbàárà pé tó bá dé ojú ọ̀nà Èkó lá mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ìwé àlàyé inú páálí yìí wá kọ ọ́ pé NK-33 ni ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí 5L. Irọ́ ni. NK-15 ló fò ní gbogbo ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. NK-33 ni àtúnṣe rẹ̀, tí wọ́n lè tàn wò kí wọ́n sì tún gbé e fò, ṣùgbọ́n kó tó kàn án, wọ́n ti yọ Mishin lóyè ní oṣù Karùn-ún ọdún 1974, Glushko tí òun àti Korolev jọ jà láti ìbẹ̀rẹ̀ ló sì gba ipò náà. Ó dá iṣẹ́ dúró, wọ́n fọ́ àwọn N1 tó kù, wọ́n sì fi lára irin táǹkì wọn ṣe òrùlé àti ìbòòji ní àdúgbò Baikonur, ibi tí wọ́n ti ń gbé e fò. Wọ́n ní kí wọ́n ba NK-33 náà jẹ́. Kuznetsov kó wọn pamọ́. Ní àwọn ọdún 1990 ni Amẹ́ríkà rà lára wọn, wọ́n sì fi gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì Antares fò ní 2013. Olùkọ́ tó bá fẹ́ ka ìwé àlàyé yìí fún ọmọ kíláàsì, kó fi bíró pa ìlà yẹn rẹ́ ná.

Ojú ìwé 13 kò wúlò tó bó ṣe yẹ. Láàárín ìpele kan àti ìkejì, N1 kò ní ògiri. Irin ọ̀pá tó dábùú ara wọn ni, ojú wọn là, nítorí ẹ́ńjìnnì òkè máa ń tan kí ti ìsàlẹ̀ tó kú, iná rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde. Bébà ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá wọ̀nyí nínú páálí, ó rọ̀, ara òkè sì máa ń fì lórí rẹ̀. Ẹ má fi bébà yẹn ṣe ọ̀pá. Igi ìgbálẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀: ẹ gbé e lé ìlà tí wọ́n tẹ̀, ẹ gé gbogbo rẹ̀ ní gígùn kan náà, ẹ lẹ̀ wọ́n ní méjì-méjì kí orí wọn pàdé, ẹsẹ̀ wọn yà. Igi tó ti gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ lò, tútù á ká bó bá ń gbẹ. Bákan náà, ìyẹ́ mẹ́rin ojú ìwé 14 jẹ́ bébà tí wọ́n fa ìlà sí lásán. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tí à ń dá ẹ̀fọn dúró ló yẹ ibẹ̀, torí irin onílé-agbọ́n ni ìyẹ́ N1 gidi.

Orí rẹ̀ rọrùn. Nínú ti gidi, èèyàn méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn á wọ aṣọ òfúrufú, á gba ìta bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré LK, òun nìkan á sọ̀ kalẹ̀ sí òṣùpá. Ọ̀pá tó wà ní ṣóńṣó orí ni ẹ̀rọ tó ń já àgọ́ àwọn èèyàn gbà kúrò bí nǹkan bá bàjẹ́. Ìlànà ní kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣeé yọ pẹ̀lú àgọ́ abẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì, nígbà tí ohun gbogbo yòókù dojú dé, ẹ̀rọ yìí já àgọ́ gbà, ó gbé e lọ síbi tó jìnnà sí iná. Ó yẹ kí àwọn ọmọ rí i bó ṣe ń kúrò lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó lẹ ìdí mọ́ ara, ẹ di yanrìn bí ìkúùkù kan sínú nylon, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páálí róbótó náà, torí fáànù lásán á gbé e ṣubú láìsí ẹrù nísàlẹ̀. Àwọn tó ń tà á gbà láti tẹ ojú ìwé kan lọ́tọ̀ fún oníbàárà. Ẹ ní kí wọ́n tẹ 9 àti 10 ní ẹ̀ẹ̀mejì, lórí ẹ̀rọ lésà bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì fi rúlà wọn ìdí náà lójú wọn kí ẹ tó sanwó.